Ẹgbẹ́ wa lórí ayélujára dákẹ́ rọ́rọ́, iṣẹ́ sì kù sí èmi nìkan lọ́rùn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti la irú rẹ̀ kọjá. Orí ayélujára ni gbogbo kọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe wà, a ò fojú kan ara wa rí. Olùkọ́ pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ó ní ká fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe iṣẹ́ kan pọ̀: ìròyìn gígùn kan, àti fídíò tí a ó ti ṣàlàyé rẹ̀. Máàkì 40 nínú 100 ló wà nídìí ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà yìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kí ara wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lórí WhatsApp, oníkálùkù ní inú òun dùn. Àtìgbà náà, bí mo bá béèrè nǹkan, ẹni méjì á kà á, wọn ò ní fèsì. Ẹnì kan ò tiẹ̀ kà á mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń dá mi lóhùn, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Èyí tí ẹ bá mú, mo fara mọ́ ọn." Lánàá mo jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di aago méjì òru, mò ń kọ apá tí kì í ṣe tèmi, omi sì bọ́ lójú mi. Iṣẹ́ yẹn ò pọ̀ jù mí lọ. Ohun tó dùn mí ni pé ó dà bí ẹni pé mò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan.

Ṣé kí n fẹjọ́ wọn sun olùkọ́ ni? Àbí kí n parí ẹ̀ fúnra mi, kí n sì fi orúkọ gbogbo wa sí i?

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn lónìí, má sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ, torí èmi ni ẹni tó dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ tiwa nígbà kan.

Àwọn ìbejì mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà tí mo wọ kọ́ọ̀sì ọ̀hún. Bí mo bá ń fún ọ̀kan lọ́mú, ọwọ́ kejì ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́. Màá ní, jẹ́ kó sùn ná, màá fèsì. Kó tó sùn, èkejì ti jí. Ìgbà tí mo bá fi padà débẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun 60 ti gorí èyí tí mo fẹ́ dáhùn. Lọ́jọ́ kìíní, ó kàn rẹ̀ mí ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti di ìtìjú. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já, màá sì dojú ẹ̀ bolẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì rí ẹnu bá wọn jiyàn.

Ohun tó fà mí padà ò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Kò béèrè ibi tí mo wọlẹ̀ sí, kò bá mi wíjọ́. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Tábìlì kan wà lójú ewé kẹta, mo fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ àwọn nọ́ńbà inú ẹ̀ wò kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò ní gbà yín ju 20 ìṣẹ́jú lọ." Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Àṣìṣe méjì ni mo rí níbẹ̀. Àtọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ gidi.

Wò ó dáadáa: iṣẹ́ yẹn ní ìwọ̀n, ó ní ọjọ́, ó sì ní orúkọ mi lára. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é" tí ò ń kọ sínú ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó lè dìde nílẹ̀ lọ ṣe ìyẹn, torí kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lónìí.

Ọmọ Àgbà

Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló ń tọ́mọ. Mo ti bá ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fara pamọ́ ṣiṣẹ́ rí. Ó ku ọ̀la ká fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló yọjú, ó ní ká má gbàgbé orúkọ òun. A ṣàánú, a fi sí i, máàkì kan náà la sì jọ gbà. Ó dùn mí wọra. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò dáhùn, ẹ sọ fún olùkọ́. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ keje. Nígbà yẹn, olùkọ́ ò lè ṣe ju kó bá yín kẹ́dùn lọ.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Orí ayélujára ni èmi náà ti ń kọ́ni. Mo ti pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ tó yọrí sí rere, mo sì ti pín wọn sí èyí tó fọ́n ká lójú mi.

Kí èèyàn máa dẹwọ́ nígbà tí wọ́n bá pọ̀ nídìí iṣẹ́ ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ará Faransé kan, Max Ringelmann, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní kí àwọn èèyàn máa fa okùn, ó ń wọn agbára wọn. Ohun tó kọ jáde lọ́dún 1913 ni pé bí àwọn tó ń fa okùn bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fà ń dín kù. Èèyàn lè ní torí pé wọn ò fà á lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àmọ́ lọ́dún 1979, Bibb Latané àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa pariwo. Wọ́n dì wọ́n lójú, wọ́n fi ẹ̀rọ bò wọ́n létí, wọ́n wá sọ fún ẹlòmíì pé òun àti àwọn kan ni wọ́n jọ ń pariwo, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni. Ohùn onítọ̀hún lọ sílẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà sídìí ẹ̀ lọ́dún 1981, wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ti mọ̀ pé wọ́n lè dá ohùn tòun mọ̀ láàárín ti àwọn tó kù, kì í dẹwọ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiyín wà. Nínú kíláàsì, bí ẹnì kan bá ń sinmi, ojú á rí i. Lórí ayélujára, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń sùn, orúkọ lásán ni àwọn méjèèjì lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ gé iṣẹ́ yín sí wẹ́wẹ́ débi tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíì sì wà tó máa kà á yẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ ẹni mẹ́ta sí apá kan, kò sẹ́ni tó ni ín. Iye yín dára, ẹ má ráhùn nípa ìyẹn. Láàárín ẹni márùn-ún, ọ̀nà mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ lè gbà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Láàárín ẹni mẹ́jọ, ó ti di 28.

Ìyókù, ìwé àdéhùn ni. Dandan ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú ewé kan péré, kí ìjà tó dé rárá. Ibo la ti máa sọ̀rọ̀? Wákàtí mélòó la fún ara wa láti fèsì? Bí ẹnì kan bá rí i pé òun ò ní lè ṣe tòun, ta ló máa sọ fún, kó ku ọjọ́ mélòó? Bí ẹni mẹ́ta bá gbà tí ẹni méjì kọ̀, kí la máa ṣe? Èyí tí mo kà sí jù nínú ẹ̀ ni ti èsì. Wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mú, mo sì máa ń tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé èsì ò dandan kó jẹ́ iṣẹ́ tó ti parí. "Mo ti rí i, ọwọ́ mi dí, ẹ máa gbọ́ tèmi lálẹ́ Ọjọ́rú" ti tó èsì.

Sirkka Jarvenpaa àti Dorothy Leidner gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1999 lórí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀yàyà ìbẹ̀rẹ̀ tètè mú kí wọ́n fọkàn tán ara wọn, àmọ́ kò lè dá gbé ìfọkàntán náà ró. Àwọn tó bá a dé òpin ni àwọn tí èsì wọn ń dé lásìkò, tó ní láárí nínú, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní láti máa wọ̀nà fún un pé bóyá á dé. Akẹ́kọ̀ọ́ Òru, ẹ ti ṣe ti ọ̀yàyà. Èyí tó kù lẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta ò sì tíì pẹ́ jù.

Ọmọ Àgbà, nípa fífẹjọ́ sùn: tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ èmi olùkọ́, ẹ kó ohun tó ṣẹlẹ̀ wá, ẹ fi èébú sílẹ̀ nílé. "Ọ̀lẹ ni" kò wúlò fún mi. "Apá tí a yàn fún un nìyí, ọjọ́ méjì tí a kọ̀wé sí i nìyí, a ò rí èsì, ohun tí a sì ń tọrọ ni kẹ́ ẹ bá wa dín iṣẹ́ náà kù" ni mo lè dáwọ́ lé lọ́jọ́ náà gan-an.

Agogo Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n fi ti aago kún un, torí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà á. Ìpàdé kan bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ pátápátá nítorí ẹ̀. Ẹni méjì nínú wa wà ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ní Jámánì, ẹnì kan ní Íńdíà. A ti há iye wákàtí tó wà láàárín wa sórí. Ohun tí a ò rántí ni pé Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún aago síwájú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, tí wọn ò ní sún un ní Jámánì títí di Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù náà, tí wọn kì í sì í sún un rárá ní Íńdíà. Àwọn ará Amẹ́ríkà wọlé, wọ́n dúró, wọ́n jáde. Nígbà tí àwọn tó kù máa wọlé, wọ́n bá ibẹ̀ ní òfìfo. Gbogbo wa la bínú, gbogbo wa la sì ní ẹ̀rí pé àwa la tètè dé.

Láti ìgbà náà, UTC nìkan, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé tí wọn kì í sún síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà kankan láàárín ọdún, la fi ń kọ àsìkò: "Ọjọ́rú, 18:00 UTC." Oníkálùkù á yí i sí tirẹ̀. Ẹ má kọ "aago méjìlá òru Ọjọ́bọ̀" fún gbèdéke iṣẹ́, torí ẹnì kan á rò ó sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíì á rò ó sí òpin rẹ̀. 23:59 ò ní iyàn nínú. Ẹ sì má kọ "lọ́la". Ilẹ̀ ọ̀la ti lè mọ́ bá ẹnì kan nínú yín. Bó bá di dandan kí ẹnì kan jí ní òru, ẹ jẹ́ kó máa yí kárí. Ẹni tó wà ní Íńdíà ló ń jí fún wa fún oṣù kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ tó sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidi. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àwọn kan ò dáa. Ṣé dandan ni ká máa ṣèpàdé lórí fídíò? Èkejì nìyí, ó sì ṣòro fún mi láti sọ: ó jọ pé èmi ni mo kéré jù nínú wọn lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe olórí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní mò ń pàṣẹ fún àwọn tó jù mí lọ.

Alákọsílẹ̀

Fídíò kì í ṣe dandan. Àwòrán ló ń jẹ dátà jù, ẹ lo ohùn nìkan. Tiwa, 30 ìṣẹ́jú ni lọ́sẹ̀. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ bá ń já á tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹnì kan á sì kà á sókè fún àwọn tó kù, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà sọnù. Ohun tí a bá lè kọ, a kì í pèpàdé torí ẹ̀. Ìgbà tí iyàn bá wà nílẹ̀ la máa ń pè é.

Ibi tí mo ti rí i tí ẹgbẹ́ ń dàrú jù ni pé ọ̀rọ̀ wà káàkiri: díẹ̀ lórí WhatsApp, díẹ̀ nínú ímeèlì, fáìlì mẹ́ta tó ń jẹ́ "ìparí", "ìparí tuntun", "ìparí gidi". Ẹ mú ibì kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀, ibì kan ṣoṣo fún iṣẹ́. Bó bá jẹ́ Google Docs ni, gbogbo yín lẹ máa jọ kọ ọ́ sójú kan, ó sì ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe, ẹni tó kọ nǹkan àti ìgbà tó kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìyẹn di pàṣán. Ẹlòmíì máa ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé lásán fún ọ̀sẹ̀ kan, á wá dà á sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lókè pátápátá nínú ìwé iṣẹ́ wa, a ya ibì kékeré kan sọ́tọ̀, a pè é ní "Ohun tí a fẹnu kò sí". Bó ṣe rí nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 4, Ọjọ́ Ajé. A yọ orí karùn-ún kúrò. Ìdí: iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá 3,000 ọ̀rọ̀.
Ọ̀sẹ̀ 4, Ọjọ́bọ̀. A ò ní pààrọ̀ àkọlé mọ́. Ìdí: a ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìlà kejì yẹn gbà wá lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Ẹni tí kò bá wá sípàdé á ka ìdí, kò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látòkè.

Ìyá Ìbejì

Ní ti ọjọ́ orí, àbúrò mi, má gba ipò olórí. Gba ipò akọ̀wé. Akọ̀wé kì í pàṣẹ, ó ń rán ẹgbẹ́ létí ohun tí ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ sọ. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa ṣe apá kejì títí Ọjọ́ Ẹtì, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí?" Àgbà wo ló máa bínú sí ìyẹn? Tó bá yẹ kó yí i padà, ó ti láyè láti sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó gbàgbé ni, o ò dójú tì í.

Ọmọ Àgbà

Mo fara mọ́ ti akọ̀wé yẹn. Ẹ fi kún un pé kí olórí ìpàdé máa yí kárí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ti darí ìpàdé tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí, á máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kan ẹlòmíì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo jẹ yín ní ìròyìn.

Mo kọ̀wé sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó máa ń ní "èyí tí ẹ bá mú" ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní òun rò pé ńṣe lòun ń bọ̀wọ̀ fún mi. Nígbà tí mo ní kó yan ọ̀kan nínú àkọlé méjì kó sì sọ ìdí, ìdí tó kọ gùn ju gbogbo ohun tó ti kọ látẹ̀yìn wá lọ, ó sì dáa ju tèmi lọ. Ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ alẹ́: àsìkò tó ń sùn gan-an ni mo máa ń kọ̀wé, kó tó jí, ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀. Ẹni tí kì í kà á mọ́, fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Ímeèlì ni mo fi rí i. Ó ti kọ apá kan nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́, kò kàn mọ ibi tó máa fi sí ni.

Ẹnì kẹrin ò dáhùn. Mo dúró ọjọ́ mẹ́ta, mo tún kọ. Mo wá kọ̀wé sí olùkọ́ bí Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́ ṣe ní kí n kọ ọ́: apá tí a yàn fún un, ọjọ́ tí a kọ̀wé, ohun tí a ń tọrọ. Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Ẹni náà ti fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Gbogbo òru tí mo fi ń bínú sí i, kò sí níbẹ̀ rárá. Olùkọ́ ti dín iṣẹ́ wa kù sí ti ẹni mẹ́rin.

A ti kọ ìwé àdéhùn wa, kò kún ojú ewé kan. Lánàá la ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, ohùn nìkan, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló darí ẹ̀. Ní báyìí, fídíò àlàyé ló kù. Ṣé ká gbà á nígbà kan náà tí gbogbo wa bá jọ wà lórí ìlà, àbí kí oníkálùkù gba tirẹ̀ ká wá so wọ́n pọ̀?

Alákọsílẹ̀

Ẹ kú oríire o! Kí oníkálùkù gba tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà á pọ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ẹnì kan tó bá já ti ba ti gbogbo yín jẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ránṣẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ohùn yín dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí gbólóhùn tí ẹnì kan fi máa parí tirẹ̀ àti èyí tí ẹni tó tẹ̀ lé e máa fi bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dún bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi odidi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún sísopọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa so ó pọ̀ àti ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò sínú ibi tí ẹ ń kọ ìpinnu sí lónìí.